Àwọn Ìwé Òkìtìpupa: Ìtàn Bí A Ti Ń Mọ Ibi Tí Fáìlì Wà

Kí ìwé ìjọba tó di ohun ìtàn, ohun iṣẹ́ òòjọ́ ni ó kọ́kọ́ ń jẹ́. Bí àgbà kan láti Ìkọ̀yà tàbí Ìgbòtakò bá mú ẹ̀bẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ wá sí iwájú Ajẹ́lẹ̀ òyìnbó ní Òkìtìpupa láàárín ọdún 1930 sí 1940, akọ̀wé ni yóò kọ́kọ́ gba ìwé náà. Yóò wo rẹ́jísítà ńlá tí ó wà lórí tábìlì rẹ̀ bóyá fáìlì kan ti wà lórí ọ̀rọ̀ náà tẹ́lẹ̀ rí. Bí kò bá sí, yóò ya òmíràn sọ́tọ̀, yóò fún un ní nọ́ńbà, yóò sì kọ àkọlé sí iwájú rẹ̀. Ewé kọ̀ọ̀kan tí ó bá wọ inú fáìlì náà ni a ó fi nọ́ńbà sí ní igun òkè, kí ẹnikẹ́ni má baà lè fa ọ̀kan yọ kí àlàfo rẹ̀ má hàn. Lára èèpo fáìlì náà ni a ti ń kọ orúkọ ẹni tí a fi í ránṣẹ́ sí àti ọjọ́ tí ó lọ.

Àwọn lẹ́tà kúkúrú kan sì wà tí àwọn akọ̀wé mọ̀ bí ẹní mowó. Bí ọ̀gá bá kọ K.I.V. sí inú fáìlì, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kí ojú wà lára ọ̀rọ̀ náà. Bí ó bá kọ B.U. pẹ̀lú ọjọ́ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí akọ̀wé gbé e padà wá ní ọjọ́ náà ni. Bí ó bá kọ P.A., kí a dá a padà sí ààyè rẹ̀ lórí pẹpẹ, ọ̀rọ̀ ti parí. Títí di òní olónìí ni àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba Nàìjíríà ṣì ń lo àwọn lẹ́tà wọ̀nyí, ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú wọn kò sì mọ̀ pé ohun tí wọ́n bá nílẹ̀ láti ìgbà òyìnbó ni. Kì í ṣe ohun kékeré. Rẹ́jísítà, nọ́ńbà, ojú ewé, àti orúkọ ẹni tí ó mú fáìlì lọ: ohun mẹ́rin yìí náà ni ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà tí ó lówó lórí jùlọ ń tọ́jú lónìí. Ohun tí ó yàtọ̀ ni iye ènìyàn tí ó lè wò wọ́n lẹ́ẹ̀kan náà.

Ìpín Òkìtìpupa, gẹ́gẹ́ bí ìjọba òyìnbó ti là á kalẹ̀, gbòòrò ju ilẹ̀ Ìkálẹ̀ nìkan lọ. Àwọn Ìlàjẹ tí ń gbé etí omi àti àwọn Àpọ́ì wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Ọ̀kan ni ó jẹ́ nínú àwọn ìpín Ẹkùn Oǹdó, tí Ajẹ́lẹ̀ Àgbà rẹ̀ ń gbé Àkúrẹ́. Nítorí náà, ohunkóhun tí Ajẹ́lẹ̀ kékeré bá kọ ní Òkìtìpupa lórí owó orí, lórí kóòtù ìbílẹ̀, lórí igbó ọba, lórí oyè Abọ́dì ti Ìkọ̀yà tàbí ti Jẹ́gun ti Ìdepé, kì í dúró sí Òkìtìpupa. Yóò tẹ ẹ̀dà rẹ̀, yóò sì fi í ránṣẹ́ sí Àkúrẹ́. Níbẹ̀ ni akọ̀wé mìíràn yóò ti gbà á, tí yóò fi í sínú fáìlì mìíràn, tí yóò sì fún un ní nọ́ńbà mìíràn. Bí ọ̀rọ̀ náà bá tóbi, láti Àkúrẹ́ ni yóò ti lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn aláṣẹ Gúúsù, tí ọ̀rọ̀ wọn pín sí méjì ní ọdún 1939 tí Ìbàdàn fi di olú ìlú fún apá Ìwọ̀-Oòrùn. Láti ibẹ̀ yóò dé ọ̀dọ̀ Akọ̀wé Àgbà Ìjọba ní Èkó. Díẹ̀ nínú wọn tilẹ̀ la òkun kọjá, wọ́n sì wà nínú àwọn àpótí tí a kọ CO 520 àti CO 583 sí lára ní ilé ìpamọ́ ìwé ní Lọ́ńdọ̀nù. Ti àkọ́kọ́ fún Gúúsù Nàìjíríà kí ó tó di ọdún 1914, ìkejì fún Nàìjíríà lẹ́yìn ìgbà tí Lugard pa Àríwá àti Gúúsù pọ̀.

Èyí ni kókó tí ó yẹ kí gbogbo ẹni tí ń wá ìtàn Ìkálẹ̀ fi sọ́kàn. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lè ní ẹsẹ̀ mẹ́rin tàbí márùn-ún nílẹ̀. Bí ikán bá jẹ èyí tí ó wà ní Òkìtìpupa, ó ṣeé ṣe kí ẹ̀dà rẹ̀ wà láàyè nínú àpótí Àkúrẹ́. Bí ti Àkúrẹ́ bá sọnù, kí àkótán rẹ̀ wà ní ti Èkó. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà wọn kò jọra, àkọlé wọn kò jọra, kò sì sí okùn kan tí ó so wọ́n pọ̀ bí kò ṣe làákàyè ẹni tí ń wá wọn. Ti àwọn Ìlàjẹ tilẹ̀ tún le ju èyí lọ. Ní ọdún 1885 ni ilé iṣẹ́ àwọn oníṣòwò Jámánì tí ń jẹ́ G. L. Gaiser bá Amapetu ti Mahin ṣe àdéhùn lórí ilẹ̀ etí òkun, kí Jámánì tó yọ ọwọ́ níbẹ̀ fún Gẹ̀ẹ́sì. Nípa bẹ́ẹ̀, ẹni tí yóò bá ka ìtàn etíkun náà dé gbòǹgbò ní láti ro ti àwọn ìwé ìjọba Jámánì ní Bẹ̀líìnì mọ́ ti Ìbàdàn àti Lọ́ńdọ̀nù.

Ní ọdún 1951 ni ìjọba yan onímọ̀ ìtàn nì, Kenneth Onwuka Dike, láti yẹ àwọn ìwé ìjọba Nàìjíríà wò kí ó sì dámọ̀ràn bí a ó ti ṣe tọ́jú wọn. Ọ̀tá ìwé kò wọ́n ní ilẹ̀ yìí. Òjò ń rọ̀ púpọ̀ ní apá Òkìtìpupa, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ tutù rinrin. Ìwé tí a bá dì jọ sí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ fún ọdún mẹ́ta, oúnjẹ ikán àti ìdin ni. Ènìyàn náà sì ń ṣe tirẹ̀: ọ̀gá tuntun a dé, a rí i pé iyàrá kún, a pàṣẹ kí wọ́n kó ìdọ̀tí náà dànù. Láti inú ìjábọ̀ Dike ni Ilé Ìpamọ́ Ìwé Ìjọba ti jáde ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin ọdún 1954, ní ọgbà Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn, òun náà sì ni a fi ṣe ọ̀gá rẹ̀. Òfin tí ó fi ẹsẹ̀ rẹ̀ múlẹ̀ jáde ní ọdún 1957; ilé tí a kọ́ fún un sì di ṣíṣí ní oṣù kìíní ọdún 1959. Inú ọgbà yunifásítì náà ni ó ṣì wà. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ti Kàdúná àti ti Enugu tẹ̀ lé e.

Ibẹ̀ ni àwọn ìwé Òkìtìpupa dé sí. Ìlànà tí a sì fi tò wọ́n yẹ ní àlàyé, nítorí pé òun ni ó ń da ọ̀pọ̀lọpọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ láàmú. Ẹni tí kò mọ ìlànà náà a rò pé a ó ti kó gbogbo ọ̀rọ̀ oyè sí ibì kan, gbogbo ọ̀rọ̀ ilẹ̀ sí ibòmíràn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Láti ọdún 1841 ni àwọn olùpamọ́ ìwé ní ilẹ̀ Faransé ti fi òfin lélẹ̀ pé a kò gbọdọ̀ tú ìwé ilé iṣẹ́ kan ká mọ́ ti òmíràn. Ìwé tí ó bá ti ọ̀dọ̀ ẹnì kan wá, agbo ilé kan náà ni kí ó máa gbé. Gbogbo ayé ni ó gba òfin náà wọlé. Ó dára, nítorí pé ìwé a máa jẹ́rìí fún ara wọn. Lẹ́tà kan tí a yọ kúrò láàárín àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dà bí ọmọ tí a kò mọ ìdílé rẹ̀. Nítorí náà ni ìwé Ìpín Òkìtìpupa fi ní agbo ilé tirẹ̀ ní Ìbàdàn, tí ti Ẹkùn Oǹdó ní tirẹ̀, tí ti Akọ̀wé Àgbà Èkó sì ní tirẹ̀, èyí tí a ń fi àwọn lẹ́tà CSO mọ̀. Ṣùgbọ́n ìlànà yìí fi ẹrù lé àwọn tí ń ṣe ìwé àkọsílẹ̀ lọ́rùn. Bí a kò bá fẹ́ tú ìwé ká kí a tún un tò bí a ti fẹ́, àkọsílẹ̀ ni yóò máa sọ fún wa ibi tí àwọn ìbátan wà.

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìwé tí a fi ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tẹ̀ ni àkọsílẹ̀ náà. Ẹni tí ó bá wá sí iyàrá ìkàwé yóò ṣí i, yóò fi ìka tọ àwọn àkọlé láti òkè dé ìsàlẹ̀, yóò da orúkọ agbo ilé, nọ́ńbà àpótí àti nọ́ńbà fáìlì kọ sí ewé pélébé kan, òṣìṣẹ́ yóò sì lọ gbé e wá. Iṣẹ́ takuntakun ni àwọn tí ó ṣe àkọsílẹ̀ wọ̀nyí ṣe. Bí kò bá sí wọn, àwọn òpìtàn àkókò náà ì bá má rí ohun kan dì mú. Síbẹ̀, ìwé títẹ̀ ní ààlà. Kò lè sọ pé àpótí náà ti jáde láti àárọ̀. Kò lè sọ pé fáìlì kan tí a kọ sí àpótí kẹta wà nínú ìkarùn-ún nítorí pé ẹnì kan ṣi í dá padà. Bí a bá sì tún un ṣe nínú ẹ̀dà kan, ẹ̀dà kejì kò ní í mọ̀.

Orúkọ náà jẹ́ wàhálà tí ó tó gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́ kan fúnra rẹ̀. Ìlú tí a mọ̀ sí Òkìtìpupa lónìí, Òde-Ìdepé ni orúkọ rẹ̀ àtijọ́. Ẹni tí ó bá wá ọ̀kan nínú àwọn àkọlé láìwá ìkejì ti fi ìdajì sílẹ̀. Akọ̀wé òyìnbó kì í fi àmì sí abẹ́ lẹ́tà, nítorí náà ẹ àti e, ọ àti o, ṣ àti s jẹ́ ọ̀kan náà lójú rẹ̀. Èdè Ìkálẹ̀ pẹ̀lú ní ìró gh tí Yorùbá àjùmọ̀lò ti pàdánù, àwọn akọ̀wé tí ó ti Èkó tàbí Abẹ́òkúta wá sì ń kọ ọ́ bí etí wọn ti gbọ́ ọ. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìwé ni kò sọnù rárá: orúkọ tí a fi pè é nìkan ni kò bá ti ẹni tí ń wá a mu.

Àwọn Faransé gba ọ̀nà tiwọn. Ní ọdún 1913 ni wọ́n pàṣẹ fún gbogbo ilẹ̀ tí wọ́n ń jọba lé lórí ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfríkà pé lẹ́tà a, b, d ni kí a fi ya ìwé sọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí irú iṣẹ́, ìlànà kan náà láti Dakar dé Pọ́tò-Nóófò, níbi tí ìwé àwọn Yorùbá Kétu àti Ṣábẹ̀ wà. Ẹni tí ó bá mọ lẹ́tà ọ̀rọ̀ ìṣèlú ní ìlú kan mọ̀ ọ́n ní ìlú gbogbo. Ó rọrùn fún ẹni tí ń wá ìwé, kò sì rọrùn fún ẹni tí ó fẹ́ mọ inú ilé iṣẹ́ tí ìwé kan ti jáde.

Ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Edgar Codd, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ń ṣiṣẹ́ fún IBM ní Amẹ́ríkà, ni ó ṣí ọ̀nà tí a fi lè so àwọn ẹsẹ̀ mẹ́rin tí a sọ lókè yìí pọ̀. Ní oṣù kẹfà ọdún 1970 ni ó tẹ àròkọ kan jáde lórí bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ṣe lè jọ máa lo àkójọ ìsọfúnni ńlá kan. Èrò rẹ̀ kò ṣòro bí a bá fi àpótí ìwé ṣe àpẹẹrẹ. Má ṣe kọ ohun gbogbo sí ojú ewé kan. Ṣe tábìlì kan fún àpótí, òmíràn fún fáìlì, òmíràn fún ibi tí pẹpẹ wà, òmíràn fún orúkọ ìlú, òmíràn fún àwọn tí ó yá ìwé. Fún ohun kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tí kò sí irú rẹ̀, kí o sì jẹ́ kí nọ́ńbà wọ̀nyí so tábìlì mọ́ tábìlì. Bí a bá gbé àpótí kan láti iyàrá kan lọ sí òmíràn, ìlà kan ṣoṣo ni a ó yí padà, ogójì fáìlì tí ó wà nínú rẹ̀ yóò sì tẹ̀ lé e. Bí a bá sọ fún tábìlì ìlú pé Òde-Ìdepé àti Òkìtìpupa jẹ́ ọ̀kan, ẹni tí ó bá béèrè ọ̀kan yóò rí méjèèjì. Èyí ni a ń pè ní dátábéèsì.

Kò pẹ́ kí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ tó dé Áfríkà. Láti ọdún 1985 ni UNESCO ti ń fún àwọn ilé ìkàwé ní CDS/ISIS lọ́fẹ̀ẹ́, èyí tí ó ń ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà kékeré tí kò lágbára púpọ̀. Láàárín ọdún 1990 sí 2000, Àjọ tí ń mójú tó Yunifásítì ní Nàìjíríà pín èyí tí ń jẹ́ TINLIB fún àwọn ilé ìkàwé yunifásítì. Ṣùgbọ́n ti ìwé tí a tẹ̀ tà ni àwọn wọ̀nyí ní pàtàkì. Ìwé tí a tẹ̀ tà dá dúró ní ara rẹ̀. Fáìlì kò dá dúró. Ọmọ ni ó jẹ́ nínú àpótí, àpótí jẹ́ ọmọ nínú ọ̀wọ́, ọ̀wọ́ jẹ́ ọmọ nínú agbo ilé. Ìgbìmọ̀ Àgbáyé fún Ìpamọ́ Ìwé ni ó fi ìlànà ISAD(G) lélẹ̀ ní ọdún 1994 láti máa ṣe àpèjúwe ìran yìí láti orí baba ńlá sọ̀ kalẹ̀, wọ́n sì tún un ṣe lẹ́yìn náà. Ní ọdún 2008 ni ẹ̀rọ tí a kọ́ lórí ìlànà náà jáde, èyí tí a ń pè ní AtoM. Iṣẹ́ ọwọ́ àwọn Artefactual ti Kánádà ni, owó kò sì sí lórí rẹ̀. Àǹfààní kan wà lára rẹ̀ tí ó bá ọ̀ràn Ìkálẹ̀ mu gan-an: ilé ìpamọ́ púpọ̀ lè jọ lo ẹyọ kan. Òfin ọdún 1841 kò ní í bàjẹ́, àpótí kò ní í kúrò ní agbo ilé tirẹ̀, síbẹ̀ ìbéèrè kan yóò wọ inú agbo ilé gbogbo lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ó yẹ kí a sọ ohun tí ẹ̀rọ kò lè ṣe. Kò lè ka àpótí. Kí ìlà àkọ́kọ́ tó wọ inú dátábéèsì, ẹnì kan ní láti rìn láti pẹpẹ dé pẹpẹ pẹ̀lú àkọsílẹ̀ àtijọ́ lọ́wọ́, kí ó ṣí àpótí kọ̀ọ̀kan, kí ó ka iye fáìlì inú rẹ̀, kí ó sì kọ èyí tí kò sí. Iṣẹ́ eruku ni. Àwọn tí ó fò ó, tí ó kàn da àkọsílẹ̀ àtijọ́ kọ sínú kọ̀ǹpútà, àṣìṣe àtijọ́ ni wọ́n fi iná mànàmáná tàn sí. Èyí tí ó tún burú jù ni ti ilé iṣẹ́ tí akọ̀wé mẹ́ta ti ní ẹ̀dà tirẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, tí olúkúlùkù ń tún tirẹ̀ ṣe. Láàárín oṣù mẹ́fà, òtítọ́ mẹ́ta ni yóò wà lórí àpótí kan. Àjùmọ̀lò tòótọ́ ni kí ẹyọ kan ṣoṣo wà, kí ó wà lórí kọ̀ǹpútà àgbà kan, kí olúkúlùkù wọlé pẹ̀lú orúkọ tirẹ̀, kí ẹni tí ń ka ìwé má lè pa ohunkóhun rẹ́, kí ẹ̀rọ sì máa kọ ẹni tí ó yí ohun kan padà àti wákàtí tí ó yí i. Ẹ̀dà ìpamọ́ gbọ́dọ̀ wà ní ìlú mìíràn. Níbi tí iná ti ń lọ tí ó ń bọ̀, ìwé kékeré kan pẹ̀lú gègé gbọ́dọ̀ wà ní ẹnu ọ̀nà iyàrá àpótí, kí ohun tí a bá gbé jáde nínú òkùnkùn lè wọ inú ẹ̀rọ nígbà tí iná bá dé.

Ohun kan tún wà tí àwọn ọ̀dọ́ onímọ̀ kọ̀ǹpútà kì í fẹ́ gbọ́. Nọ́ńbà àtijọ́ kò gbọdọ̀ kú. Láti ọdún 1954 wá ni àwọn òpìtàn ti ń tọ́ka sí ìwé Ìbàdàn nínú ìwé wọn pẹ̀lú nọ́ńbà tí ó wà lára wọn nígbà náà; nọ́ńbà wọ̀nyẹn wà nínú ìdájọ́ kóòtù pẹ̀lú, àti nínú ìjábọ̀ ìgbìmọ̀ ìwádìí oyè. Bí a bá fún fáìlì kan ní nọ́ńbà tuntun tí ó dán, tí a sì pa ti àtijọ́ rẹ́, gbogbo ìtọ́kasí wọ̀nyẹn ti di ọ̀nà tí kò lọ síbì kankan. Ẹ jẹ́ kí fáìlì ní orúkọ mẹ́ta bí ó bá gbà bẹ́ẹ̀. Ọmọ Yorùbá wo ni ó ní orúkọ kan ṣoṣo?

Ohun tí ń ṣẹlẹ̀ sí ìwé tí kò sí nínú àkọsílẹ̀ hàn sí gbogbo ayé ní ọdún 2011. Àwọn arúgbó ilẹ̀ Kẹ́ńyà pe ìjọba Gẹ̀ẹ́sì lẹ́jọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù lórí ìyà tí a fi jẹ wọ́n ní ìgbà ogun Mau Mau. Nínú ẹjọ́ náà ni ó ti jáde pé nǹkan bí 8,800 fáìlì láti ilẹ̀ 37 tí Gẹ̀ẹ́sì ti jọba lé lórí rí wà ní ìpamọ́ ní ibi tí a ń pè ní Hanslope Park. Kì í ṣe pé wọ́n jóná, kì í ṣe pé ikán jẹ wọ́n. Orí pẹpẹ ni wọ́n wà ní gbogbo àkókò náà, ṣùgbọ́n kò sí àkọsílẹ̀ kan tí ará ìta lè ṣí tí yóò rí orúkọ wọn, nítorí náà ni wọ́n ṣe dà bí ohun tí kò sí. Láti ọdún 2012 ni a ti bẹ̀rẹ̀ sí í kó wọn lọ sí ilé ìpamọ́ ìwé ìlú, a sì fi FCO 141 sí wọn lára. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì san owó ìtanràn fún àwọn arúgbó náà ní ọdún 2013.

Ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀ ọ̀ràn náà kò ní ariwo tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó súnmọ́ ilé. Ìlú púpọ̀ ni ó ní ọba tirẹ̀ níbẹ̀, láti Ìkọ̀yà dé Òde-Ìrèlè, dé Òde-Ayé, dé Ẹ̀rínjẹ. Ìbéèrè ta ni ó ṣáájú ta ni, àti ìdílé wo ni oyè kàn, a sì máa padà wá ní ìran kọ̀ọ̀kan. Ilẹ̀ pẹ̀lú ti níye lórí láti ìgbà tí ọ̀pẹ àti rọ́bà ti di iṣẹ́ ńlá. Òfin Ẹ̀rí ti ọdún 2011 sọ pé bí ìwé kan bá ti pé ogún ọdún tí ó sì jáde láti ibi tí ó tọ́ kí ó ti jáde, kóòtù lè gbà pé ọwọ́ ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀ ni ó kọ ọ́, láìjẹ́ pé a pe ẹlẹ́rìí láti inú ibojì. Gbogbo agbára gbólóhùn yìí wà lórí ibi tí ìwé ti jáde. Fáìlì tí ìtàn ìrìn rẹ̀ pé, láti ọwọ́ akọ̀wé Òkìtìpupa dé orí pẹpẹ Ìbàdàn, tí a lè fi hàn ẹni tí ó yá a àti ọjọ́ tí ó dá a padà, yàtọ̀ sí ewé kan tí ẹnì kan fà yọ láti inú àpò rẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ ẹjọ́. Òfin kan náà ti gba ohun tí kọ̀ǹpútà tẹ̀ jáde gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí, bí a bá fi hàn pé ẹ̀rọ náà ń ṣiṣẹ́ dáadáa ní àkókò náà. Nípa bẹ́ẹ̀ ni àkọsílẹ̀ ìrìn fáìlì náà fúnra rẹ̀ fi lè dé iwájú adájọ́.

Yunifásítì kan wà ní Òkìtìpupa nísinsìnyí, tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Oǹdó dá sílẹ̀, tí a sì sọ ní orúkọ Olusegun Agagu, ọmọ Ìjù-Odò, ní ọdún 2020. Ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì àti ẹ̀rọ ni iṣẹ́ rẹ̀. Ọ̀dọ́mọdé tí ó bá ń kọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà níbẹ̀ ń gbé ìlú tí àwọn ìwé náà ti jáde, ṣùgbọ́n bí ó bá fẹ́ fi ojú rí wọn, Ìbàdàn ni yóò lọ, yóò jókòó ní iyàrá ìkàwé, yóò béèrè fún àkọsílẹ̀ Ìpín Òkìtìpupa, yóò sì kọ nọ́ńbà àpótí rẹ̀ sí ewé pélébé.